Ẹni Tí Kámẹ́rà Ń Wá

Dúró ná. Ìwọ tí o ń yára ka èyí bí ẹni tí ọlọ́kadà zémijan ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà, dúró. Gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀ kí o fetí sí mi, nítorí kì í ṣe àlọ́ ni mo fẹ́ pa. Bí wọ́n bá ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó nílé yín, tí wọ́n ti ra aṣọ, tí wọ́n ti gba àdúrà sí i, ìwọ gan-an ni mo ń bá wí.

Clémence ni orúkọ mi. Kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe ní Ganhi, nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan lẹ́yìn báńkì. Inú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí ní Agblangandan. Orin àti ìwàásù ni mo fi mọ̀wé. N kì í tú ìdí kọ̀ǹpútà kankan láìkọ́kọ́ pe orúkọ Jésù lé e lórí. Àwọn oníbàárà mi a máa fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi a sì máa dá wọn lóhùn pé ọwọ́ mi ló mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ní àìsàn kankan nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi Bénie ló gbé e wá. Ó rà á fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Évariste Adélékan, tó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilé fún àwọn kọ́lékọ́lé. Irú èyí tó ń fi ojú mọ olówó rẹ̀ ni. Bí o bá tàn án, iná funfun tín-ínrín kan á yọ lẹ́bàá kámẹ́rà tó wà lókè gíláàsì rẹ̀, á máa wá ojú ènìyàn. Bó bá rí ojú tó mọ̀, á ṣí. Bó bá rí ojú àjèjì, á ní kó tẹ kódù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó," ni Bénie wí. "Bí Évariste bá ti tàn án, iná yẹn á yọ, gbogbo rẹ̀ á wá ṣókùnkùn, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń ṣe láti àná nìyẹn."

Mo tàn án. Ó rí ojú mi, ó ní kí n tẹ kódù. Mo ní kí Bénie jókòó síwájú rẹ̀, nítorí ojú tirẹ̀ ni ẹni tó tà á fi dán an wò lọ́jọ́ tó rà á. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi ṣí fún un, bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí fún ọmọ ilé.

"Kò ṣe nǹkan kan," ni mo wí. "Máa gbé e lọ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bénie tún dé, ó gbé e mọ́ àyà. "Ó tún ti ń ṣe é."

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Évariste jẹ́ kí n tó tẹ̀síwájú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni a rí i nínú ìjọ wa, ó jókòó sẹ́yìn, ohùn rẹ̀ lọ́lẹ̀. Arẹwà ni, ó ní àpá kékeré lẹ́bàá ojú òsì. Ó ní ọmọ Pobè ni òun, ṣùgbọ́n òun kì í lọ síbẹ̀ mọ́. Kì í sì í tẹ ọjà Dantokpa, níbi tí àwọn ará Pobè pọ̀ sí bí eṣú. Bí a bá ní kó sin wá lọ rajà, orí á máa fọ́ ọ. Fóònù oníbọ́tìnnì ti àtijọ́ ló ń lò. Ó ní olójú dígí tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ kì í gbọ́ ti òun. Aṣọ rẹ̀ a máa rùn, kì í ṣe òórùn burúkú o, òórùn káfúrà funfun tí wọ́n ń fi sáàárín aṣọ tó ti pẹ́ nínú àpótí. Nínú ìjọ, tùràrí a máa bò ó mọ́lẹ̀. Ní ìta, mo máa ń sọ nínú ara mi pé ọkùnrin yìí mọ aṣọ tọ́jú.

Ìyá wa, Àríkẹ́, fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Nígbà tó tọrọ Bénie, Màmá gbé orúkọ rẹ̀ lọ síwájú Wòlíì Médard, aríran ìjọ wa, kó bá wa wo ọ̀nà. Gbogbo wa la kúnlẹ̀. Ẹ̀mí gbé Wòlíì, ó sì kígbe.

"Mo rí i! Aṣọ funfun ló wọ̀ láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Kò wọ bàtà. Àbẹ́là ń jó lọ́tùn-ún rẹ̀, ó ń jó lósì. Àwọn akọrin yí i ká, wọ́n ń kọrin fún un!"

Halelúyà tó jáde lẹ́nu wa lọ́jọ́ náà, àwọn ará ọ̀nà dúró wò wá. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Àwa tí à ń wọ aṣọ funfun, àwa tí a kì í wọ bàtà pẹ̀lú rẹ̀, àwa tí à ń tan àbẹ́là gbàdúrà: ta ni nínú wa tí yóò gbọ́ irú ìran bẹ́ẹ̀ tí kò ní sọ pé tiwa ni, ọmọ ìmọ́lẹ̀ ni?

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò jó. Àbúrò Màmá ni, Tàófíìkì, tí gbogbo wa ń pè ní Tọ́ńtọ́n. Mùsùlùmí ni, awakọ̀ tó ń ná Kétu, ọ̀nà rẹ̀ sì gba Pobè kọjá.

"Àǹtí Àríkẹ́, ẹ jẹ́ kí n yà ní Pobè, kí n béèrè ilé wọn," ló wí. "Ẹ kò ṣáà ní fa ọmọ fún ẹni tí ẹ kò mọ ìyá rẹ̀. Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ̀yin náà?"

"Ẹ̀mí ti sọ̀rọ̀, o ní o fẹ́ lọ bi ènìyàn léèrè?" ni Màmá dá a lóhùn. "Tàófíìkì, ìwọ wakọ̀ rẹ."

"Ó dáa. Ẹ̀yin ń fi ẹ̀mí ríran. Èmi, ojú méjèèjì yìí náà ni mo ní, òun ni mo fi ń wakọ̀, ó sì ń gbé mi délé."

A fi í rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé àwọn baba wa kì í fa ọmọbìnrin kalẹ̀ láìrán ẹnì kan lọ wádìí ilé ọkọ. Ṣùgbọ́n a ní ọjọ́ òkùnkùn ni ìyẹn. Évariste fi òrùka sí Bénie lọ́wọ́, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra aṣọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí kọ̀ǹpútà.

Mo ní bátìrì ni. Mo pààrọ̀ bátìrì. Ó ṣiṣẹ́ ní Ganhi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó dé ọwọ́ Évariste ní Agblangandan, ó kú. Mo ní iná àdúgbò wọn ló ń lọ sókè sódò. Mo fún wọn ní ohun tó ń mú iná dọ́gba. Ó kú. Mo yọ mẹ́mórì, mo fi òmíràn sí i. Mo pa gbogbo nǹkan inú rẹ̀ rẹ́, mo tún un kọ́ bí ọmọ tuntun, ojú Bénie ni mo sì tún kọ́kọ́ fi hàn án. Ó kú. Mo fòróró àdúrà sámì sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbààwẹ̀ lé e. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ó ń jí, lọ́dọ̀ olówó rẹ̀ ó ń kú. Gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ló mọ irú ìbínú yìí, ìbínú àìsàn tó ń sá pamọ́ bí wọ́n bá ti gbé aláìsàn dé iwájú dókítà. Oorun mi dàrú. Mo ń ṣépè fún ohun tí kò létí, mo sì ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́yìn rẹ̀.

Mo gbé e lọ sí yàrá Évariste fúnra mi. Kò sí nílé. Bénie ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo gbé e ka orí tábìlì rẹ̀, mo so ó mọ́ iná rẹ̀, mo tàn án. Ó rí ojú Bénie, ó ṣí.

"Ṣé o rí i?" ni mo wí fún Bénie. "Ọkọ rẹ ni kò mọ̀ ọ́n lò!"

Ojú rẹ̀ le. "Ẹni tó ń ya ilé alájà ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà? Ẹ̀gbọ́n, bí iṣẹ́ bá ju yín lọ, ẹ sọ. Mo máa wá ẹlòmíràn."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. "Ẹlòmíràn kẹ̀? Sọ fún un kó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kó jókòó síwájú mi, kó tàn án lójú mi."

Kò wá. Ó ránṣẹ́ pé ọwọ́ òun dí. Ó tún ránṣẹ́ pé ara òun kò yá. Ó ní kí n gbàgbé rẹ̀, èyí tí òun ń lò tẹ́lẹ̀ tó òun. Inú Bénie bàjẹ́, ó ní ọkùnrin náà kò mọrírì ẹ̀bùn òun. Ó sunkún sí i lọ́rùn títí ó fi gbà.

Ọ̀sán ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ ni wọ́n dé. Òjò ti pa Bénie rin gbingbin, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ó ń fún ìborùn rẹ̀. Évariste wọlé, ó kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó jókòó. Òórùn káfúrà gba ṣọ́ọ̀bù kan. Aṣọ rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀kán omi kan lójú rẹ̀.

Ó tẹ bọ́tìnnì. Iná funfun yọ lẹ́bàá kámẹ́rà. Ó wá ojú lọ, wá ojú bọ̀. Ó ṣókùnkùn. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Iná yọ. Ó wá. Ó ṣókùnkùn.

Ẹ má bínú, inú mi dùn! Lẹ́yìn gbogbo ìyà yẹn, mo fi ojú ara mi rí àìsàn náà. "Ẹ má mira," ni mo wí. "Ẹ fi ìka fa ọfà ojú gíláàsì yẹn sókè kó tó kú." Ó fi ìka lé ojú ibi tí wọ́n ti ń darí ọfà, ó fà á. Ọfà kò yẹsẹ̀. Mo fi ìka tèmi fà á, ó rìn.

"Ọwọ́ yín tutù ni?"

"Bó ṣe máa ń tutù náà nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ́lẹ̀.

Ó kù kí n mọ̀ bóyá kámẹ́rà ló bàjẹ́. Mo mú kámẹ́rà ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tèmi, mo kọjú rẹ̀ sí Évariste, mo sì wo gíláàsì kọ̀ǹpútà mi.

Mo rí àga. Mo rí ògiri tó wà lẹ́yìn àga. Kàlẹ́ńdà ìjọ wa wà lórí ògiri náà; mo ka orúkọ oṣù rẹ̀, mo ka àwọn ọjọ́ rẹ̀, títí kan àwọn tó yẹ kí orí Évariste bò.

Mo gbójú kúrò lára gíláàsì. Évariste wà lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan, ó ń wò mí. Mo tún wo gíláàsì. Àga òfìfo.

Bénie ṣì ń fún ìborùn rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, orin wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ọkùnrin náà wí, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn, "ẹ má tún un ṣe mọ́."

"Ta ni ọ́?" Ohùn tó jáde kì í ṣe tèmi.

"Mo ti ya ilé fún ènìyàn púpọ̀. N kò gbé inú ọ̀kan rí. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ń wá, èmi àti òun. Ẹ ṣàánú mi."

Èmi tí mo ń gbàdúrà lé bátìrì lórí, n kò rántí pe orúkọ Olúwa. Ó dìde, ó gbé kọ̀ǹpútà náà, ó bá Bénie lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jọ wọ inú òjò lọ. Mo wá wolẹ̀. Omi ẹsẹ̀ Bénie wà lórí sìmẹ́ńtì níbi tó dúró sí. Láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga, ilẹ̀ gbẹ.

Mo pe Tọ́ńtọ́n. "Ẹ bá mi yà ní Pobè," ni mo wí. Mo ti ń retí ẹ̀fẹ̀ rẹ̀. Kò ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó bi mí pé, "Kí lo rí, ọmọ mi?" Mo ní kó sáà lọ. Mo pe Bénie náà, mo ní kó wá sùn lọ́dọ̀ Màmá. Ó ní ìlara ló ń ṣe mí nítorí n kò tíì lọ́kọ, ó sì pa fóònù.

Nígbà tí Tọ́ńtọ́n padà dé, ọ̀sán gangan ni, ní àgbàlá Màmá. Wòlíì Médard wà níbẹ̀, ó wá gbàdúrà sí aṣọ ìgbéyàwó. Bénie ń wọn aṣọ náà wò, ó ń yí po. Tọ́ńtọ́n kò kí ẹnikẹ́ni. Ó na abẹ̀bẹ̀ kan sí Màmá, irú abẹ̀bẹ̀ pépà líle tí wọ́n ń pín fún àlejò níbi ìsìnkú kí wọ́n máa fi rántí olóògbé. Àwòrán wà lójú rẹ̀. Évariste ni, pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀, pẹ̀lú àpá ẹ̀bá ojú òsì.

"Ẹni tó jọ ọ́ ni," ni Màmá wí.

"Ìyá rẹ̀ ló fún mi. Ó fi àtàǹpàkò pa àpá yẹn kó tó jẹ́ kí n gbà á. Nígbà tó wà lọ́mọdé ló ṣubú lu ẹnu kànga." Tọ́ńtọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, òun tí ohùn rẹ̀ ń borí ẹ́ńjìnì. "Àǹtí mi, wọ́n mú mi dé ibojì rẹ̀. Koríko ti hù lórí rẹ̀. Mo bi ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ́ òkú rẹ̀. Ó ní aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀ fún un, láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Wọn kò wọ bàtà fún un. Wọ́n tan àbẹ́là lọ́tùn-ún, wọ́n tàn án lósì, àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn sì yí i ká."

Wòlíì Médard fi ọwọ́ wá ògiri, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ mímọ́ lára.

"Mo rí òtítọ́," ló wí. "Olúwa kò parọ́ fún mi. Èmi ni n kò bi í bóyá ọkùnrin náà dúró ni, tàbí ó dùbúlẹ̀."

Gbogbo ọmọ Nàgó ló mọ orúkọ tí à ń pe irú wọn, àwọn tó kú sí ìlú kan tí wọ́n lọ ń gbé òmíràn bí alààyè, tí wọ́n á sì pòórá lọ́jọ́ tí ẹni tó mọ̀ wọ́n bá dé. Màmá ló sọ ọ́ jáde: "Àkúdàáyà." Bénie pariwo, ó gba ẹnu ọ̀nà sáré pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó lára. A gbá tẹ̀lé e.

Ilẹ̀kùn Évariste ṣí sílẹ̀. Káfúrà gba inú yàrá. Eruku wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, nípọn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí ibi tí ara ènìyàn ti kàn án rí. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì, wọ́n tàn án sílẹ̀. Iná funfun rẹ̀ ti yọ, ó ń wá ojú.

Bénie wó lé àga tó wà níwájú rẹ̀. "Ṣí," ló ń wí, omijé ń ro sórí bọ́tìnnì. "Ṣí fún mi, kí n mọ ibi tó lọ." Ojú rẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí kọ́kọ́ mọ̀ láyé. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo ń retí kó ṣí.

Iná wá ojú lọ, wá ojú bọ̀. Ó ṣókùnkùn. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gbé ojú tèmi síwájú rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ó ní kí n tẹ kódù. Mo kúrò. Bénie padà síwájú rẹ̀. Ó ṣókùnkùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, láìyíjú, "kí ló ń ṣe é?"

Mo mọ ohun tó ń ṣe é.

Bénie wà láàyè, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹnu burúkú sọ ọ́. Ó ń jẹun, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ṣùgbọ́n òrùka ọkùnrin náà kò tíì jáde lọ́wọ́ rẹ̀. A ti fi ọṣẹ fà á, a ti fi òróró fà á. Láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, mo máa ń mú un jókòó síwájú kámẹ́rà mi, mo sì máa ń sọ fún un pé iṣẹ́ ni mo ń dán wò. N kì í jẹ́ kó rí gíláàsì, nítorí àga òfìfo ni mo ń rí níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo rí ohun kan níbi tó yẹ kí èjìká rẹ̀ wà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èéfín tùràrí. Mo yin Olúwa. N kò mọ̀ bóyá ó ń bọ̀ ni, tàbí ó ń lọ.

Nítorí náà, ìwọ tí wọ́n ti dá ọjọ́ fún, tí wọ́n ti ríran sí, má tíì lọ. Àdúrà dára, èmi kọ́ ni yóò sọ pé má gbà á. Ṣùgbọ́n dìde lórí eékún rẹ lónìí. Rán ẹni tó ní ojú méjì lọ sí ìlú rẹ̀. Kó kan ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀. Kó béèrè.